Orin Àdákọ, Ẹkún Ìyàwó àti Etí Olùgbọ́

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro kí á rí orin tí kò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, orin ń bẹ fún un. Bí a bá ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ, orin ń bẹ fún un. Bí àgbàlagbà bá papò dà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìnáwó ìkẹyìn, orin tirẹ̀ náà kì í gbẹ́yìn. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ṣàdédé gbọ́ orin kan tí kì í ṣe ti ìkómọjáde, tí kì í ṣe ti ìgbéyàwó, tí kì í sì í ṣe ti òkú àgbà, tí ẹnì kan ṣoṣo fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ, tí kò sí ìlù ńlá nídìí rẹ̀, tí a kò sì ki ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kò ní ṣàì béèrè pé, "Kí ni a ń fi eléyìí ṣe?" Ìbéèrè aláìmọ̀kan kọ́ ni ìbéèrè yìí. Ìbéèrè ẹni tí ó mọ ohun tí orin ń ṣe láwùjọ ni. Ó sì yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè dá a lóhùn.

Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò ni àwo orin tí obìnrin olórin tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Aṣa gbé jáde ní ọdún 2007. Bùkọ́lá Elémìdé ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti dàgbà, nítorí pé ó kéré púpọ̀ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un padà wá sílé. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba tán, ó tún kọjá sí ilẹ̀ Faransé láti lépa iṣẹ́ orin. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ náà ni wọ́n fi pe àwo àkọ́kọ́ yìí. Ilé iṣẹ́ Naïve ti ilẹ̀ Faransé ni ó gbé e jáde. Cobhams Asuquo, ọmọ Nàìjíríà tí ojú rẹ̀ kò ríran ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ jinlẹ̀ nínú ìmọ̀ orin, ni ó bójú tó bí wọ́n ṣe gba àwọn orin náà sílẹ̀. Ní ọdún 2008, àwo yìí gba Prix Constantin, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún olórin tí òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Yorùbá ni ó gba inú àwo náà kan. Àwọn tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn, èdè Faransé ni wọ́n ń sọ.

Bí àwo náà ṣe ń dún yàtọ̀ sí ohun tí ó gba orí rédíò ní Nàìjíríà ní àkókò náà. Orin ijó ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ jù, orin tí ìlù inú rẹ̀ ń lù kìkìkì tí ó sì ń pe ẹsẹ̀ níjà. Nínú àwo ti Aṣa, gìtá ni ó sábà máa ń ṣáájú. Àwọn ohun èlò yòókù kì í sáré bò ó mọ́lẹ̀. Ohùn olórin náà dún bí ohùn ẹni tí ó jókòó ti ènìyàn, tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ̀dùn ọkàn, ìfẹ́ tí ó kan ìdènà, àìbalẹ̀ ọkàn nípa bí ayé ṣe ń lọ, àti ọpẹ́ fún ìyá, ni ó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn orin tí ó tú ni lára wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí i pé ojú ọjọ́ inú rẹ̀ ṣú díẹ̀. Kì í ṣe òjò ńlá; ó dà bí ìkùukùu òwúrọ̀ tí oòrùn kò tíì ká kúrò.

A kò gbọdọ̀ rò pé ìwà olórin nìkan ni ó fa irú ohùn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní gbàgede, ẹni tí ó bá fẹ́ kọrin fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohùn onírárà, ohùn oníjàálá àti ohùn elésà fi máa ń le, tí ó sì máa ń rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé, tí a sì lè gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá tí ariwo kò wọ̀, ó di pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà lè dé etí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Lẹ́yìn èyí ni ohun ìgbọ́rọ̀ tí a ń kì bọ etí tún dé, tí ènìyàn kan fi lè jókòó sínú ọkọ̀ tí èrò kún, kí ó sì máa nìkan gbọ́ orin rẹ̀. Ẹ̀rọ kan sọ ohùn jẹ́jẹ́ di ohun tí a lè gbọ́; èkejì sọ ìgbọ́ orin di ohun tí a lè dá ṣe.

Níbi yìí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ fún olùgbọ́ tí a fi àṣà tọ́. Ní agbègbè Afijio, láti Fìdítì títí dé Ìlọra lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, àwùjọ ni orin ń gbé. Ẹnì kan lé orin, àwọn yòókù gbè é. Bí kò bá sí elégbè, orin náà yóò dà bí ẹni tí ó na ọwọ́ sí ènìyàn tí kò rí ẹni bọ̀ ọ́. Ìlù dùndún pẹ̀lú kò dákẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ń pe orúkọ àlejò, ó ń rán ọlọ́lá létí ẹni tí ó bí i. Olórin náà mọ ẹni tí ó ń kọrin fún, nítorí pé ojú kan náà ni wọ́n jọ wà. Nígbà tí irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ bá wá gbọ́ àwo Aṣa, ohun mẹ́ta ni yóò fẹ́ wá tì: kò sí ayẹyẹ, kò sí elégbè púpọ̀, kò sì sí ẹni tí a ń kì. Bí ó bá sọ pé orin àjèjì ni, a kò lè dá a lẹ́bi lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ bí a bá wo àṣà agbègbè kan náà dáradára, a óò rí i pé orin tí ẹnì kan ń fi ẹ̀dùn ọkàn dá kọ kì í ṣe àjèjì rárá. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹkún ìyàwó. Láàárín àwọn Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlú Afijio jẹ́ ara wọn, ọmọbìnrin tí ó ń lọ sí ilé ọkọ máa ń sun ẹkún yìí kí ó tó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀. Ẹkún tí a fi ewì ṣe ni. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti baba; yóò dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀; yóò sọ ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ilé tí kò mọ̀; yóò sì tọrọ ìre. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè máa tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa gbè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tirẹ̀ ni. Òun ni ó ń lọ. Òun nìkan ni yóò sùn sí ilé tuntun lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ sọ fún un pé ó ń ba ayọ̀ ọjọ́ jẹ́, nítorí pé àwọn àgbà mọ̀ pé ayọ̀ àti ìbànújẹ́ lè jọ jókòó sórí ẹní kan. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Bí a bá fi àwo Aṣa wé ẹkún ìyàwó, ìjọra tí ó wà láàárín wọn yóò hàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú méjèèjì. "Èmi" ni ó gba iwájú ọ̀rọ̀ nínú méjèèjì. Ìyá kò gbẹ́yìn nínú wọn: orin "So Beautiful" nínú àwo yìí, ìyá ni a fi yẹ́ sí, ó sì wà lára àwọn tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn jù nínú àwọn orin rẹ̀. Àdúrà pẹ̀lú wà nínú méjèèjì. Orin "Ẹyẹ Àdàbà" dà bí ìwúre ẹni tí ó fẹ́ kí ire bà lé òun. Nítorí náà, ìyá àgbà kan ní Ìlọra tí ó ti sun ẹkún ìyàwó nígbà èwe rẹ̀ lè tètè mọ ohun tí àwo náà ń ṣe ju ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó rà á lọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré ṣá o. Ẹkún ìyàwó ní ìdáhùn. Bí ìyàwó bá ti kúnlẹ̀, tí ó tọrọ ìre, baba yóò súre fún un, ìyá yóò nu omijé rẹ̀ nù, àwọn ìbátan yóò ta á lọ́rẹ, gbogbo ilé yóò ṣe àmín. A kì í jẹ́ kí ẹkún náà bọ́ sílẹ̀ lásán. Ẹni tí ó kọrin sínú àwo kò gbọ́ àmín ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó ń kọ ọ́, ẹ̀rọ ni ó wà níwájú rẹ̀. Nígbà tí a ń gbọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àyè ìdáhùn wà nínú orin náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sínú rẹ̀. Olùgbọ́ ni yóò jókòó síbẹ̀. Òun ni yóò sọ ayẹyẹ tí orin náà wà fún: ó lè jẹ́ òru tí oorun kò wá, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí èsì ìdánwò kò dára, ó lè jẹ́ àwẹ̀wò ọ̀rẹ́ tí ó ti kú. Èyí ni ìdí tí àwọn olùgbọ́ méjì fi lè gbọ́ orin kan náà kí ọ̀kan sọ pé ó tu òun nínú, kí èkejì sọ pé ó fa òun sínú ìrònú.

Ìdí mìíràn tún wà tí irú orin báyìí fi rí ojú rere láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ẹkún ìyàwó, orin ìfilésílẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, ìgbéyàwó ni ìfilésílẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù fún ọmọbìnrin. Lóde òní, ọ̀nà tí ọmọ fi ń kúrò nílé ti pọ̀. Ọ̀dọ́ láti Fìdítì lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó lè wá iṣẹ́ lọ sí Èkó, ó lè kọjá sí òkè òkun. Lójú ọ̀nà tí àwọn ìyá ti ń ta ọsàn àti èso mìíràn fún èrò ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń wọkọ̀ tí wọn kò sì mọ ìgbà tí wọn yóò padà. Àpò ń bẹ lọ́wọ́ wọn, owó ọkọ̀ ń bẹ nínú àpò, ṣùgbọ́n kò sí ewì kankan tí a kọ́ wọn láti fi dágbére. Ẹkún ìyàwó pàápàá ti ń di ohun tí a ń kà nínú ìwé ju ohun tí a ń gbọ́ lójúde lọ. Aṣa fúnra rẹ̀, láàárín Èkó àti Paris ni ìgbésí ayé rẹ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Kò yani lẹ́nu bí ọmọ tí ó fi ilé sílẹ̀ bá rí ohùn ara rẹ̀ nínú ohùn ẹni tí òun náà fi ilé sílẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé gìtá tí ó wà nínú àwo náà ti tó láti fi hàn pé kì í ṣe tiwa. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ni Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ ohun tí a wá mọ̀ sí orin jùjú; ohun èlò olókùn tí ó jẹ́ ìbátan gìtá wà lára ohun tí wọ́n ń lò, inú iyàrá àlejò ni wọ́n sì ti sábà ń ṣe é, láìsí ariwo. Nígbà tí ó yá ni gángan wọ inú jùjú, tí gìtá oníná sì tẹ̀ lé e, tí orin náà wá di ti àríyá ńlá. Ẹni tí ó bá fi gìtá kan kọrin jẹ́jẹ́ lónìí kò sọ ilé nù; ó padà sí ìyẹ̀wù kan tí àwọn àgbà ti jókòó sí rí. Bákan náà ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn akéwì bí Ọláńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, tí wọ́n gbé ewì wọn sínú àwo, tí wọ́n sì fi han àwọn Yorùbá pé a lè jókòó gbọ́ àwo láìjó, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ní ti èdè, iṣẹ́ púpọ̀ wà níbẹ̀ fún olùkọ́. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni àkọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin àwọn òyìnbó, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ó dojú rú létí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ti Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, ọ̀rọ̀ bí ohùn èdè ṣe gbọ́dọ̀ darí ohùn orin sì jẹ ẹ́ lógún. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi òdiwọ̀n yìí wọn àwọn orin Yorùbá inú àwo Aṣa. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ orin kan sílẹ̀, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó wá tẹ́tí sí ibi tí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn, àti ibi tí ó ti yà á. Ibi tí ó ti yà á, kí ó béèrè bóyá ìtumọ̀ sọnù tàbí kò sọnù.

Olùgbọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá tún ní ànfààní kan tí ará Paris kò ní. Àṣá tí olórin náà fi ara rẹ̀ pè, ẹyẹ tí ó ń ré adìyẹ gbé ni. Àdàbà tí ó ké sí nínú orin rẹ̀, ẹyẹ pẹ̀lẹ́ ni. Kí àṣá máa ké sí àdàbà, ọ̀rọ̀ àròjinlẹ̀ nìyẹn. Nínú àwo kan náà ni orin "Fire on the Mountain" wà. Orúkọ eré tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fi sáré yípo ni, ṣùgbọ́n olórin náà sọ ọ́ di ìkìlọ̀ nípa ewu tí ó ń jó tí àwọn ènìyàn kò kà sí. Yorùbá sì ti pa òwe tipẹ́tipẹ́ pé àdàbà kò náání à ń kùngbẹ́. Iná ń jó, ẹyẹ ń lọ. Ẹni tí ó bá ní òwe yìí nínú yóò gbọ́ orin méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jiyàn: ṣé kí á sá fún iná ni, tàbí kí á dà bí ẹyẹ tí ó fò kọjá lórí rẹ̀? Kò di dandan pé olórin náà gbèrò bẹ́ẹ̀. Àṣà tí ó wà lórí olùgbọ́ ni ó so wọ́n pọ̀.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé gbígba orin kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Àwọn ará Faransé gba ohùn àti gìtá náà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn. Ọ̀dọ́ Èkó gba ìkìlọ̀ àti ọpẹ́ fún ìyá. Ẹni tí ó wà ní Afijio lè gba gbogbo ìwọ̀nyí, kí ó tún fi ẹkún ìyàwó àti òwe àdàbà kún un. Kò sí ẹni tí ó ṣi orin náà gbọ́ nínú wọn. Olúkúlùkù gbé igbá tirẹ̀ lọ sódò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí igbá rẹ̀ tóbi ni yóò pọn omi púpọ̀. Ẹ̀kọ́ ni ó ń mú igbá tóbi.

Ewu kan wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fojú fo. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń nìkan gbọ́ orin ìbànújẹ́ lójoojúmọ́, tí kò sí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹkún ni ó ń sun láìsí ẹni tí yóò ṣe àmín. Àwọn àgbà tí wọ́n dá ẹkún ìyàwó sílẹ̀ kò fi ọmọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó sunkún dé ibi tí ó fẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n dá a lóhùn. Bí olùkọ́ bá rí ọmọ tí ó fẹ́ràn irú àwo báyìí, kí ó má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó má sì sọ pé orin aláìníṣẹ́ ni. Kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Èwo ni ó wọ̀ ọ́ lára jù nínú rẹ̀? Kí ni ó rán ọ létí?" Bí kíláàsì bá jókòó gbọ́ orin kan papọ̀, tí ọ̀kan sọ ti ìyá rẹ̀, tí èkejì sọ ti ilé tí ó fi sílẹ̀, tí ẹ̀kẹta tako wọn, orin tí a dá kọ ti rí elégbè nìyẹn.

Bí a bá wá tún béèrè pé kí ni a ń fi irú orin báyìí ṣe, ìdáhùn ti wà. À ń fi sọ ohun tí kò ní ayẹyẹ tirẹ̀. Ohun bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ayé òde òní, ó pọ̀ ju ti àwọn baba wa lọ. Iṣẹ́ olórin ni kí ó lé e. Iṣẹ́ àwọn tí ó yí ọ̀dọ́ ká, olùkọ́, òbí, àti ẹlẹgbẹ́, ni kí wọ́n gbè é.